Bíréèkì Tí Wọn Ò Pààrọ̀

Ọdún mẹ́rin rèé tí ọkọ Folúkẹ́ ti kú, ọdún mẹ́ta sì rèé tó ti ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sá eré ní pápá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Whalley Range, ní Manchester, kò fẹ́ràn àtigbọ́ ọ. Opó tó ní ọmọ kan ṣoṣo, tó jẹ́ apòògùn, tó tún ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí ló ń wá níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń sá eré àsápajúdé? Folúkẹ́ ti ṣàlàyé títí ó fi sú u. Kì í ṣe ìdíje. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sì sẹ́ni tó ń ka ipò kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ kan lóṣù, wọ́n máa ń ṣí pápá náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ìwakọ̀, tó dé àṣíborí, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì dára. Track day ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ tí èèyàn gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Fúráìdè náà ni yóò gbé lọ síbẹ̀ ní Sátidé, òun náà ni yóò sì gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi.

Níbẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Kò sí fóònù, kò sí oògùn tó ń kà, kò sí ẹni tó ń fi ojú àánú bi í pé ṣé ara ti ń mókun. Òun àti ọ̀nà ni, àti ọ̀gangan ibi tí yóò ti tẹ bíréèkì.

Ní ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún yẹn, Andrew, òyìnbó panápaná tó ti fẹ̀yìn tì tó ń kọ́ wọn ní ìwakọ̀ ní pápá náà, jókòó tì í nínú Họ́ńdà rẹ̀, wọ́n sì jọ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dúró, ó ní, "Folúkẹ́, o ti mọ ọkọ̀ wà ju ohun tí bíréèkì yìí lè gbé lọ."

Ó ṣàlàyé fún un. Ìgboro ni wọ́n ṣe páàdì bíréèkì lásán fún. Bí èèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára léraléra, á gbóná kọjá àlà, òróró inú páìpù á hó, pẹ́dàlì á sì rọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, tó ń gba ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ mọ́ra, náà ti gbó, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà.

Oṣù méjì gbáko ni Folúkẹ́ fi kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe máa ń yẹ oògùn wò ló ṣe yẹ páàdì wò. Ó rí àwọn kan tó jẹ́ ti eré ìje pọ́ńbélé, tí kì í mú ọkọ̀ dúró títí wọ́n á fi gbóná. Ó fi wọ́n sílẹ̀, torí láàárọ̀ òjò Manchester, nígbà tí ó bá ń gbé Fọláwẹ̀mí, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ, lọ síléèwé, bíréèkì gbọ́dọ̀ mú láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó rà wà láàárín: ó ń mú nínú òtútù, ó sì lè fara da ooru. Ó ra òróró bíréèkì tí kì í tètè hó, ó sì ra ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sì le débi tí kòtò ojú ọ̀nà á fi máa gbọ̀n wọ́n léyín. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó fi bírò búlúù kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bólúwadúró, ló ní òun á gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Bólúwadúró fi ọdún mẹ́sàn-án ju Folúkẹ́ lọ, olùkọ́ ìṣirò ni, Ashton-under-Lyne ló sì ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ Folúkẹ́ ló ti sọ ara rẹ̀ di baálé lórí ilé méjì. Òun ló ń bá a pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlé-móoru ṣe, òun ló ń bá a lọ sípàdé òbí níléèwé ọmọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Folúkẹ́ mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ó tún mọ̀ pé ìfẹ́ náà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

"Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú," ni Bólúwadúró wí lórí fóònù. "Ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù ò jìnnà sílé wa. Rochdale ni o ti ń ṣiṣẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ máa sáré láti ibẹ̀ wá? Èmi á gbé e lọ."

Folúkẹ́ dúpẹ́. Ó kó gbogbo páálí sínú búùtù, ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwé náà, ó sì tún pe Mọ́rúfù fúnra rẹ̀ láti ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́rúfù, ọkùnrin kan tó dé láti Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, dáhùn pé, "No wahala, Àǹtí. Gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé." Ọjọ́ mẹ́ta ni Folúkẹ́ fi wọ tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, lọ síbi iṣẹ́.

Ní Tọ́sìdeè, ọkọ̀ dé. Ìwé ṣọ́ọ̀bù wà lórí ìjókòó: ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ti máàkì í, sípíríǹgì, wọ́n ti máàkì í, páàdì, òróró bíréèkì, wọ́n máàkì gbogbo rẹ̀, Mọ́rúfù sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Bó ṣe gbé e jáde ló mọ̀ pé ara ọkọ̀ ti yàtọ̀. Ó sún mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń gba kọ́nà láìmì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó se ẹ̀wà, ó dín dòdò sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ashton.

Bólúwadúró gba oúnjẹ náà, ó sì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé, oòrùn ràn dáadáa. Ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́, ńṣe ni Folúkẹ́ ń rẹ́rìn-ín nínú àṣíborí. Ṣọ́ọ̀kì tuntun di ilẹ̀ mú. Àwọn kọ́nà tó máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ń gbà wọ́n kọjá wẹ́rẹ́, nítorí náà eré tó ń bá dé òpin ọ̀nà gbọọrọ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ìyípo kẹrin, ó gbóòórùn bí ìgbà tí irun ń jó. Ó rò pé ọkọ̀ iwájú ni. Ní ìyípo karùn-ún, ó dé òpin ọ̀nà gbọọrọ, ó tẹ bíréèkì níbi tó ti máa ń tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà dé ilẹ̀ ọkọ̀.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó já jíà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì ké. Kọ́nà ti dé. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi eré yẹn yí wọ kọ́nà, ọkọ̀ á dojú dé. Ó di síárìn mú gbọn-in, ó sì wọ inú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sẹ́bàá ọ̀nà láti fi dá ọkọ̀ tó bá yà dúró. Òkúta ń ha abẹ́ ọkọ̀, eruku bo gíláàsì, kò rí iwájú mọ́. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ń pè nígbà tí ọkọ̀ fi imú sọ òkìtì táyà tí wọ́n tò síwájú ògiri.

Àwọn òṣìṣẹ́ pápá sáré dé. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú, àyà rẹ̀ ń ro ó níbi tí bẹ́líìtì ti fún un, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí, Andrew sì tú táyà iwájú kan. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì yọjú wo inú rẹ̀.

"Ta ló pààrọ̀ páàdì yìí?"

"Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ní Tọ́sìdeè," ni Folúkẹ́ fèsì.

"Tọ́sìdeè ọdún wo?"

Ó fa ọ̀kan yọ, ó gbé e lé orí aṣọ ìnulẹ̀ fún un. Ojú páàdì náà ti fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ ń rún bíi bisikíìtì. Andrew ṣí ike òróró bíréèkì, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó dúdú bíi tíì tí wọ́n ti gbàgbé sórí iná.

"Ṣọ́ọ̀kì tuntun ni," Andrew wí. "Sípíríǹgì, tuntun. Bíréèkì yìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ṣe èyí fún ọ mú kí ọkọ̀ rẹ yá sí i, ó wá fi ohun tó yẹ kó dá a dúró sílẹ̀."

Folúkẹ́ mú ìwé ṣọ́ọ̀bù jáde nínú àpò. Ó ka àmì tó wà níwájú páàdì, ó tún un kà. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò jẹ́ kó fojú kékeré wo ohun tí ẹnì kan bá fọwọ́ sí. Ó rò pé gbogbo ayé náà rí bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọ tram lọ sí Ashton pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ ilé ìhunṣọ àtijọ́ kan ni ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù wà. Ọkùnrin náà wà lábẹ́ ọkọ̀ kan. Nígbà tó yọ síta tó rí i, ó dìde kíá.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

Folúkẹ́ kí i padà, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ọkùnrin náà. Láàárín gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì méjì, páálí kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì já tépù ara rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, bírò búlúù.

"Kí nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Mọ́rúfù?"

Mọ́rúfù yíjú sẹ́yìn, ó yí i padà. "Àǹtí, no be my fault o. Brother yín ló ní kí n má fi sí i. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì nìkan ni kí n ṣe. Wọ́n ní páàdì eré ìje nìyẹn, pé kì í mú nígbà òtútù, pé ẹ ò mọ̀."

"Ta ló ni ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Nọ́ńbà ta ló wà lórí ìwé?"

"Tiyín ni."

"Ẹ pè mí?"

Mọ́rúfù fi àkísà nu ọwọ́. Àkísà náà dọ̀tí ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ sì fọwọ́ sí i pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀," Folúkẹ́ wí.

"Brother yín ní kí n kàn máàkì ẹ̀, pé àwọn á ṣàlàyé fún yín. Mo rò pé wọ́n ti bá yín sọ ọ́. Me, I no wan enter family matter."

"Bíréèkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ṣé ẹ ò gbọ́ rí pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí ni? Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé brother mi ló ni ọkọ̀, tí èmi wá yọjú síbí, tí mo ní kí ẹ má fi páàdì tí wọ́n rà sí i, ṣé ẹ máa gbọ́ tèmi?"

Mọ́rúfù wolẹ̀. Ojú rẹ̀ ló dáhùn.

"Ẹ wá bírò. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí, ohun tẹ́ ẹ ṣe àtohun tẹ́ ẹ ò ṣe, àti ẹni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i."

Ó kọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, Folúkẹ́ sì dúró tì í títí. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí rẹ̀ sábẹ́ abíyá, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìta ọjà láti dúró de ìgbà tí iléèwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kọ́ni á parí. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn èèyàn ń wọ gbọ̀ngàn ọjà, wọ́n ń jáde, òun sì ń rántí àwo ẹ̀wà àti dòdò tó fi ránṣẹ́. Ìyẹn ló dùn ún jù nígbà yẹn. Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tàn án, ẹni náà sì gba ọpẹ́.

Ní aago mẹ́rin, ó dé ilé wọn. Màmá wọn, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún ní Manchester kó tó fẹ̀yìn tì, ń mu tíì lórí àga. Bólúwadúró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ kóòtù ni. Ó hàn pé Mọ́rúfù ti pè é.

"Folúkẹ́, mo ti gbọ́," ó wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Folúkẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé páálí sórí tábìlì.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí."

"Mi ò ní láti kà á. Mo kà nípa wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Páàdì eré ìje kì í mú tó bá tutù. O fẹ́ máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé?"

"Òótọ́ lohun tẹ́ ẹ kà. Ìyẹn ni mi ò ṣe ra irú ẹ̀. Èyí ń mú nínú òtútù, ó wà lára páálí, ẹ ò kà á. Ẹ ò pè mí. Oṣù méjì ni mo fi yàn án, ìṣẹ́jú mélòó lẹ̀yin fi kọ̀ ọ́?"

Màmá dá sí i. "Folúkẹ́, rọra. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní èrò ibi sí ẹ. O mọ̀ bó ṣe fẹ́ràn ẹ tó."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n ní kí Mọ́rúfù máàkì ìwé pé ó ti ṣe é? Tí wọ́n bá gbàgbọ́ pé páàdì yẹn burú, ṣebí wọ́n á sọ fún mi."

Bólúwadúró jókòó. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Wàá bá mi jà ni, wàá sì gbé e lọ síbòmíì. Mo rò pé tí bíréèkì ò bá lágbára, o ò ní lè sáré púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù á bà ẹ́, wàá fi sílẹ̀ fúnra ẹ."

Màmá gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

Folúkẹ́ fa páálí náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ti rò pé àìmọ̀ ni. Gbogbo ọ̀nà láti ṣọ́ọ̀bù ló fi ń wá àwáwí fún un.

"Ẹ fẹ́ kí bíréèkì já mi sílẹ̀," ó wí nígbẹ̀yìn, "kí n lè gbọ́ràn."

"Má sọ ọ́ báyẹn. Fọláwẹ̀mí ò ní bàbá mọ́. Ṣé o fẹ́ kó má ní ìyá ni?"

"Inú ọkọ̀ yẹn kan náà ni Fọláwẹ̀mí jókòó sí ní Fúráìdè, lójú títì márosẹ̀. Bíréèkì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ló gbé e." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà ti pín oògùn rí. Bí dókítà bá kọ oògùn kan fún aláìsàn, tí mo wá kó òmíì tí mo rò pé ó dáa jù sínú ike, tí mo lẹ orúkọ oògùn tí dókítà kọ mọ́ ọn lára, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi?"

Obìnrin àgbà náà wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ. Tí aláìsàn bá kú, ẹ̀wọ̀n ni."

"Màmá, kì í ṣe ọ̀kan náà," ni Bólúwadúró wí.

"Ọ̀kan náà ni, Bólú."

Bólúwadúró fọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, má bínú."

"Ẹ bá mi yọ 'tí mo bá' kúrò níbẹ̀, Bùrọ̀dá mi."

Kò yọ ọ́. Ó ní àwọn ọmọ òde òní kò mọ ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Folúkẹ́. Ó gbé páálí rẹ̀, ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó sì jáde.

Lọ́sẹ̀ yẹn ló fi ìwé Mọ́rúfù ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá pè é lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó rò ó wò. "Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ."

"Ọmọ Yorùbá lèmi náà, Màmá. Èmi náà ń bọ́ ọmọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Wọn kò tì í pa. Wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀ fún Mọ́rúfù, wọ́n sì ní láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọ́dọ̀ máàkì iṣẹ́ kankan àfi lójú ẹni tó ni ọkọ̀, kó sì fi ohun tó yọ kúrò hàn án. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní ọkàn Folúkẹ́ le jù. Ẹnì kan ní bó bá jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ wà láyé, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Èyí mú kí ẹ̀jẹ̀ Folúkẹ́ hó ju òróró bíréèkì lọ, torí ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un lọ sí pápá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, ọdún tó ṣáájú kó tó kú. Kò sẹ́ni tó bi í rí, òun náà kò sì sọ.

Ṣùgbọ́n Adéṣẹwà, olùkọ́ kan tí wọ́n jọ ń kọrin, dúró dè é lẹ́yìn ìsìn. Ó rọra béèrè pé, "Sister Folúkẹ́, báwo ni páàdì bíréèkì ṣe ń rí gan-an? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn pààrọ̀ tèmi ni."

"Wá sílé mi ní Sátidé," Folúkẹ́ dáhùn.

Nígbà yẹn wọ́n ti tún iwájú ọkọ̀ ṣe ní Rochdale, wọ́n ti pààrọ̀ òróró bíréèkì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti san. Andrew wá kọ́ ọ bí yóò ṣe fi páàdì náà sí i fúnra rẹ̀, níwájú ilé. Andrew kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹnu ló fi ń darí rẹ̀. Adéṣẹwà jókòó lórí àpótí, ó ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Wọ́n ti ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán nígbà tí Bólúwadúró dé. Ó dúró lẹ́nu géètì. Ó wo àbúrò rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ó wo páàdì àtijọ́ tó ti rún lórí bébà ìròyìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó sì rún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó gbọn rírún náà kúrò lọ́wọ́. "Folúkẹ́, mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́, Bùrọ̀dá mi," Folúkẹ́ wí. "Ẹ ṣeun." Kò dìde. Ó ṣì ku ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ó dárí jì í, ó kàn jẹ́ pé kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kó bá òun pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ó padà sí pápá. Pẹ́dàlì le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìyípo àkọ́kọ́, kò sì rọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá dé òpin ọ̀nà gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń sáré tẹ bíréèkì kí ibẹ̀ tó dé. Ọkàn rẹ̀ mọ̀ pé bíréèkì wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ìbínú tún ru sókè nínú rẹ̀, ó gbóná ju ti Ashton lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ kí ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì ti wọlé. Ó fi gbogbo òwúrọ̀ yẹn lé e jáde, ìyípo kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń sún ibi tó ti ń tẹ bíréèkì síwájú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lu aago ọ̀sán, ó ṣì ku bí ìwọ̀n ọkọ̀ méjì kó dé ibi tó ti máa ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ó bọ́ àṣíborí, ó jẹun, ó sì tún padà sínú ọkọ̀.